Ìyìn Aṣọ́lé

Ǹjẹ́ a lè yin ènìyàn nítorí ohun tí kò ṣẹlẹ̀? Ìyá tí ó tètè gbé ọmọ kúrò nídìí iná kò ní àpá tí yóò fi hàn aládùúgbò. Ní Melbourne, níbi Ife Àgbáyé àwọn obìnrin ọdún 2023, Christine Sinclair ti Kánádà gbá pẹ́nárítì. Chiamaka Nnadozie, aṣọ́lé Nàìjíríà, fi ọwọ́ ta á dànù. Ọ̀mì ni wọ́n gbá, òdo sí òdo. Àjọ CAF sì fi í ṣe aṣọ́lé obìnrin tí ó tayọ jù lọ ní Áfíríkà ní 2023, 2024 àti 2025. Ó tọ́ sí i, lójú tèmi. Ṣùgbọ́n aṣọ́lé tí ó ń ké sí àwọn tí ó wà níwájú rẹ̀, tí bọ́ọ̀lù kò fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá, ta ni yóò rí tirẹ̀ yìn?