Òwìwí Ké Lóru: Ẹ̀kọ́ Èrò Rere Láti Inú Súrátù Námlì

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tí Ó dá ẹyẹ tí ń fò lójú òfurufú àti kòkòrò tí ń rìn lábẹ́ ewé, tí kò sì gbàgbé oúnjẹ ọ̀kankan nínú wọn. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad (S.A.W.), àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tẹ̀lé wọn pẹ̀lú dáadáa títí di ọjọ́ ìkẹyìn.



Àwọn àgbà wa a máa sọ pé, "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?" Òwe yìí dùn ún gbọ́, a sì máa ń fi í parí ẹjọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé e lé orí òṣùwọ̀n ẹ̀sìn wa, kò tẹ̀wọ̀n rárá. Ẹyẹ ké. Ọmọ kú. Ẹni tí ó so méjèèjì pọ̀ kò mú ẹ̀rí kankan wá.

Ọ̀rọ̀ wa lóṣù yìí dá lórí èrò rere, èyí tí àwọn tí ń ta ìwé àṣeyọrí ń pariwo rẹ̀ kiri lóde òní. Ohun kan wà nínú èdè Lárúbáwá tí yóò ya ọ̀pọ̀ nínú yín lẹ́nu. Ẹyẹ ni à ń pè ní "tayr". Kí ènìyàn rí nǹkan kí ó sì gbà á bí àmì aburú, òun ni à ń pè ní "tiyarah". Inú ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì ti jáde. Ìdí rẹ̀ ni pé kí ìmọ́lẹ̀ Ìsìláàmù tó dé, bí ọmọ Lárúbáwá bá fẹ́ rin ìrìn-àjò, yóò lé ẹyẹ kúrò níbi tí ó bà sí. Bí ẹyẹ náà bá fò sí ọ̀tún, yóò máa lọ. Bí ó bá fò sí òsì, yóò padà sílé. A jẹ́ pé ẹyẹ tí ń wá oúnjẹ ara rẹ̀ kiri ni ó ń darí ọmọ Ádámọ̀ tí Ọlọ́hun fún ní làákàyè!

Ànábì (S.A.W.) dé, ó sì fi òpin sí i. Nínú hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá, ó sọ pé kò sí tiyarah. Ó tún dárúkọ "hámah" mọ́ ọn, èyí tí àwọn onímọ̀ kan túmọ̀ sí òwìwí, nítorí pé bí òwìwí bá bà sórí ilé kan, àwọn ará ìgbà náà yóò ní ikú ni ó wá kéde. Ohun tí a rò pé ọ̀rọ̀ Yorùbá nìkan ni, àwọn Lárúbáwá ti ṣe é kí a tó gbọ́ nípa wọn.

Ṣé ẹni tí àyà rẹ̀ já nígbà tí òwìwí ké ti kúrò nínú ẹ̀sìn ni? Rárá o. Sàhábà kan, Mu'awiyah ọmọ Al-Hakam, bi Ànábì léèrè nípa àwọn ènìyàn rẹ̀ tí ń gba irú àmì bẹ́ẹ̀. Èsì rẹ̀ ni pé ohun tí wọ́n ń rí nínú àyà wọn lásán ni, kí ó má ṣe dá wọn dúró. Àyà lè já. Ẹsẹ̀ ni kò gbọdọ̀ dúró.

Ànábì fẹ́ràn òdìkejì rẹ̀, tí a ń pè ní "fa'l", ìyẹn ọ̀rọ̀ rere tí ènìyàn gbọ́ tí ó sì mú inú rẹ̀ dùn. Ní Hudaibiyah, ní ọdún kẹfà Hijra (628), nígbà tí nǹkan le láàárín àwọn mùsùlùmí àti àwọn ará Mẹ́kà, àwọn ará Mẹ́kà rán Suhayl wá láti bá wọn sọ̀rọ̀. Orúkọ Suhayl bá ọ̀rọ̀ ìrọ̀rùn tan. Bí Ànábì ti rí i, ó sọ fún àwọn sàhábà pé ọ̀rọ̀ wọn ti di ìrọ̀rùn. Síbẹ̀, ó jókòó, ó bá Suhayl dúnàádúrà, wọ́n sì kọ àdéhùn sílẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a ṣí Súrátù Námlì, súrà kẹtàdínlọ́gbọ̀n nínú Àlùkùránì Alápọ̀n-ọ́nlé. Nínú súrà kan ṣoṣo yìí ni a ti rí kòkòrò, a rí ẹyẹ, a sì rí ọ̀rọ̀ àmì burúkú.

Ní aya 47, àwọn ará Thamud sọ fún Ànábì Sọ̀lihù pé òun àti àwọn tí ó tẹ̀lé e ni àmì burúkú tí àwọn rí. Ó dá wọn lóhùn pé ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun ni "ẹyẹ" wọn wà, ìyẹn ohun tí yóò bá wọn, rere tàbí aburú. Ẹ ò rí i pé ìwà náà ti pẹ́ láyé: bí ọ̀rọ̀ bá le, a ó wá ẹnì kan tí a ó di ẹ̀bi rẹ̀ lé lórí.

Ẹ wá wo eèrà, ní aya 18. Eèrà kan rí Ànábì Sulaimọ́nù àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tí wọ́n ń bọ̀. Ó ké sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n wọ ilé wọn lọ, kí wọ́n má baà tẹ̀ wọ́n pa láìfura. "Láìfura" yẹn ni àwọn olùtumọ̀ Àlùkùránì dúró lé lórí. Eèrà yìí rí ewu, kò sì díbọ́n pé kò sí ewu. Ó ní kí wọ́n sá wọlé. Ṣùgbọ́n kò sọ pé Sulaimọ́nù kórìíra àwọn. Ó bá a wá àwíjàre sílẹ̀ kí ó tó ṣẹ̀ rárá: bí ó bá tẹ̀ wá, kò mọ̀ ọ́n mọ̀. Àwa ńkọ́? Bí ọ̀rẹ́ kò bá dáhùn kíkí wa lẹ́ẹ̀kan, a ti ní ó ń gbéra ga.

Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì fi yé wa pé òórùn ni eèrà fi ń sọ púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ewu bá dé, yóò tú òórùn kan jáde láti ara rẹ̀, kí o tó ṣẹ́jú, àwọn tí ó wà nítòsí ti gbọ́ ọ, wọ́n ti ń sáré. Ọ̀tọ̀ ni òórùn tí ó fi ń júwe ọ̀nà oúnjẹ. Àwọn oníwàásù kan máa ń sọ pé ọ̀rọ̀-ìṣe abo tí Àlùkùránì lò fún eèrà yìí jẹ́ ẹ̀rí pé abo ni àwọn eèrà òṣìṣẹ́. Lóòótọ́, abo ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti kọ́ nahwu mọ̀ pé "namlah" fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ abo ni. Ẹ jẹ́ kí a má fa aya Ọlọ́hun ya nítorí kí a lè pa ẹnu ẹlòmíràn mọ́.

Lẹ́yìn eèrà ni hudhud, ẹyẹ onígbèrí tí àgógó rẹ̀ gùn. Ànábì Sulaimọ́nù wo àárín àwọn ẹyẹ, kò rí i. Ó ní òun yóò fi ìyà jẹ ẹ́ tàbí kí òun dúńbú rẹ̀, àfi bí ó bá mú àwíjàre tí ó yanjú wá. Ẹ wo "àfi" yẹn dáadáa. Ọba tí Ọlọ́hun fún ní agbára lórí àlùjànnú àti atẹ́gùn fi àyè sílẹ̀ fún ẹyẹ kan láti sọ tẹnu rẹ̀. Nígbà tí hudhud sì dé pẹ̀lú ìròyìn ìlú Saba, Sulaimọ́nù kò gbé e mì, kò sì pè é ní òpùrọ́. Ó ní a ó wò ó bóyá òdodo ni tàbí irọ́, ó sì fi lẹ́tà rán an láti fi mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mùsùlùmí ṣe ń ro ọmọnìkejì rẹ̀ sí: kò ya òmùgọ̀, kò sì ya afurasí. Eèrà àti hudhud yìí wà nínú ẹ̀dá mẹ́rin tí Ànábì kọ̀ fún wa láti pa, gẹ́gẹ́ bí Abu Dawud ti gbà á wá. Oyin wà níbẹ̀, àti ẹyẹ kan tí wọ́n ń pè ní surad.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá mi lẹ́yìn àsálátù ọjọ́ Àìkú kan. Ó ti ṣe ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò rí i mú. Ẹnì kan ládùúgbò ti sọ fún un pé òwìwí tí ń ké lẹ́yìn yàrá ìyá bàbá rẹ̀ ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ yìí kò jẹ oúnjẹ ìyá àgbà náà mọ́, kò sì kí i mọ́. Ìyá tí ó pọ̀n ọ́n dàgbà! Mo bi í pé ṣé àsìkò ìdánwò nìkan ni ẹyẹ náà ń ké. Ó ní rárá, yípo ọdún ni. Mo ní kí ni ó wà lẹ́yìn yàrá yẹn? Ó ní àká àgbàdo ni. Mo ní eku ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín. "Ùsítáàsì, eku ibẹ̀ kò lóǹkà."

Ẹ̀yin ará mi, eku ni òwìwí wá jẹ. Ọlọ́hun fi etí jíǹkí ẹyẹ yìí débi pé òwìwí funfun lè mú eku nínú òkùnkùn biribiri, nípa gbígbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan. Ojú rẹ̀ tí ó rí pẹrẹsẹ bí àwo, tí ó ń bà wá lẹ́rù, òun ni ó ń kó ìró jọ sí etí. Ihò etí rẹ̀ kan ga ju èkejì lọ, èyí ni ó fi ń mọ̀ bóyá òkè tàbí ìsàlẹ̀ ni ìró ti wá. Etí ìyẹ́ apá rẹ̀ rí bí eyín òòyà, òun ni kò jẹ́ kí a gbọ́ ọ bí ó bá ń fò kọjá. Wọ́n ń pe èyí ní iṣẹ́ òkùnkùn. Iṣẹ́ ọwọ́ Ẹlẹ́dàá ni. Ní ilẹ̀ Malaysia, àwọn olóko ọ̀pẹ a máa kan àpótí sórí òpó kí òwìwí lè wá yé sínú rẹ̀, kí ó sì máa bá wọn jẹ eku oko. Ní Jọ́dánì, ilẹ̀ mùsùlùmí tí àwọn ènìyàn ibẹ̀ ti ń sá fún òwìwí láti ayébáyé, àwọn àgbẹ̀ náà ti ń lo irú àpótí bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2002, kí wọ́n lè dín oògùn eku kù.

Ìyá àgbà náà ńkọ́? Ọlọ́hun pa á láṣẹ nínú Súrátù Hujurati pé kí a jìnnà sí ọ̀pọ̀ àbá dídá, nítorí pé ẹ̀ṣẹ̀ ni apá kan nínú rẹ̀. Ìyá arúgbó mélòó ni wọ́n ti fi irú àbá báyìí sọ di àjèjì nínú ilé ọkọ rẹ̀ nílẹ̀ wa! Mo sọ fún ọmọ náà pé kí ó lọ tọrọ àforíjì kí ilẹ̀ tó ṣú. Lẹ́yìn tí a sì ti dá òwìwí láre, mo bi í ní ìbéèrè kan tí ó kù: wákàtí mélòó ni ó fi ń kàwé lóòjọ́? Ìyẹn ni kò rí èsì rẹ̀ fọ̀.

Èyí ni ó mú mi dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń sọ pé bí o bá ṣáà ti ń ro rere, rere yóò wá bá ọ níbi tí o jókòó sí. Wọ́n a máa pa ìtàn ẹyẹ idì tí ó pé ogójì ọdún, tí ó fọ́ àgógó ara rẹ̀ mọ́ àpáta, tí òmíràn hù, tí ó sì lo ọgbọ̀n ọdún sí i. Irọ́ ni. Idì tí kò ní àgógó kò lè jẹun, ebi ni yóò pa á. Kí ni a fẹ́ fi irọ́ ṣe nígbà tí òótọ́ ẹ̀dá Ọlọ́hun pọ̀ tó báyìí?

Ní ọdún 2002, onímọ̀ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Gabriele Oettingen àti ẹnì kejì rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n tẹ̀lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde yunifásítì nílẹ̀ Jámánì fún ọdún méjì. Àwọn tí wọ́n ní ìrètí pé àwọn yóò ríṣẹ́, tí ìrètí náà sì fẹsẹ̀ múlẹ̀, ríṣẹ́ ju àwọn yòókù lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n jókòó tí wọ́n ń fi ọkàn yàwòrán iṣẹ́ ńlá, tí wọ́n ń gbádùn àlá ojúmọmọ náà, lẹ́tà tí wọ́n kọ láti wáṣẹ́ kò tó nǹkan, iṣẹ́ tí wọ́n rí kéré, owó wọn náà sì kéré. Àlá náà ti tẹ́ ọkàn wọn lọ́rùn kí wọ́n tó dìde.

Nínú hádíìsì tí Umar (R.A.) gbà wá, tí ó wà lọ́dọ̀ Tirmidhi, Ànábì sọ pé bí a bá gbára lé Ọlọ́hun bí ó ti yẹ, yóò pèsè fún wa bí Ó ti ń pèsè fún ẹyẹ, tí ó ń jáde láàárọ̀ pẹ̀lú ebi, tí ó sì ń padà nírọ̀lẹ́ ní àyó. Imam Ahmad ṣàlàyé pé hádíìsì yìí kì í ṣe ẹ̀rí fún ẹni tí ó fẹ́ jókòó sílé. Ẹ̀rí wíwá oúnjẹ ni. Ẹyẹ náà jáde. Kò mọ igi tí èso wà, kò sì dúró dìgbà tí ó bá mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀ga orí ọ̀pẹ tí ń pariwo lẹ́yìn ilé yín, ẹ fara balẹ̀ wò ó. Akọ ni ó ń hun ìtẹ́. Yóò ya màrìwò àti koríko tútù tín-ín-rín, yóò hun ún, yóò ta á ní kókó, àgógó lásán ni ó fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Bí ó bá parí, yóò rọ̀ dòòrò nísàlẹ̀ ìtẹ́ náà, yóò máa lu apá méjèèjì, yóò máa pe abo. Abo yóò wọlé, yóò fi àgógó fa ibí, yóò fa ọ̀hún. Lọ́pọ̀ ìgbà, yóò jáde, yóò sì lọ ní tirẹ̀. Bí ìtẹ́ náà bá gbẹ tí abo kankan kò gbà á, akọ ẹ̀ga yóò tú u palẹ̀ fúnra rẹ̀, yóò sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn níbẹ̀ pẹ̀lú ewé tútù. Kò sí ẹni tí ó ń bú.

Bí òwìwí bá wá ké lóru òní tí àyà rẹ sì já, Ànábì kò fi wá sílẹ̀ láìkọ́ wa ní ohun tí a ó wí. Nínú ìwé Imam Ahmad, ó ní kí ẹni tí àmì kan bá dá dúró jẹ́wọ́ fún Ọlọ́hun pé kò sí oore kan àfi oore Rẹ̀, kò sí ẹyẹ kan àfi ẹyẹ Rẹ̀, kò sì sí ọlọ́hun mìíràn lẹ́yìn Rẹ̀. Wí i, kí o pa iná, kí o sùn. Ìrun àsùbáhì ń bọ̀.