Drágónì Tí Kì Í Kú

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò nìyí: ǹjẹ́ ènìyàn lè jẹ́ akíkanjú níbi tí kò ti sí ohun tí ó lè pàdánù?

Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún méjìlá, ni ó fa ọ̀rọ̀ yìí. Oṣù mẹ́ta ni ó fi tọ́jú owó láti ra géèmù kan tí a fi ń pa drágónì. Àwòrán ara páálí rẹ̀ wuni púpọ̀: jagunjagun kan pẹ̀lú idà tí ń kọ mọ̀nà, àti ẹranko abìyẹ́ tí iná ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ó fi pa á tì. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó ní, "Mọ́mì, kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀. Bí mo bá kú, màá tún jí. Bí drágónì bá kú, òmíràn á tún dé. Kò sì kan ẹnikẹ́ni."

Kì í ṣe géèmù yẹn nìkan ni ó rí bẹ́ẹ̀. Nínú Skyrim tí ó jáde ní 2011, tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ayé, bí o ti wù kí o pa drágónì tó, òmíràn yóò tún fò dé.

Àwọn kan láàárín wa a máa wí pé ti èṣù ni irú eré bẹ́ẹ̀, nítorí pé Sátánì ni Ìwé Ìfihàn orí 12 pè ní drágónì. Èmi kò rò pé ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Ṣé pípa ni George Mímọ́, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe àjọ̀dún rẹ̀ ní 23 April, pa drágónì nínú ìtàn? Nínú Àpókírífà pẹ̀lú, Dáníẹ́lì pa drágónì Bábílónì láìmú idà tàbí ọ̀pá lọ́wọ́. Ó se ọ̀dà, ọ̀rá àti irun pọ̀, ó fi wọ́n ṣe àkàrà fún un jẹ, ẹranko náà sì bẹ́. Ọgbọ́n ju agbára lọ. Ṣùgbọ́n nítorí èyí ni wọ́n ṣe ju Dáníẹ́lì sínú ihò kìnnìún. Ó ná an ní nǹkan.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo mú ọmọ náà rìn létí odò lọ sí Crossness, níbi tí kò jìnnà sí wa. Mo sọ fún un pé a pa drágónì kan níhìn-ín. Ní 1853 sí 1854, àrùn onígbáméjì pa ènìyàn tí ó lé ní 10,000 ní Lọ́ńdọ̀nù, nítorí pé ìgbẹ́ ń wọ inú omi tí wọ́n ń mu. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 1858, òórùn odò Thames wọ inú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ìgbà náà ni wọ́n tó tú owó sílẹ̀. Joseph Bazalgette àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fi bíríkì mọ ọ̀nà omi ẹ̀gbin sábẹ́ ìlú. Ní 4 April 1865, Ọmọ Ọba Wales ṣí ilé ẹ̀rọ Crossness. Ẹ̀rọ ńlá mẹ́rin ni ó ń fa omi ẹ̀gbin ìhà gúúsù sókè, kí wọ́n lè dà á sódò nígbà tí omi bá ń fà lọ sókun. Ní 1866 àrùn náà padà wá, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 5,000, pàápàá ní ìhà ìlà-oòrùn ìlú tí iṣẹ́ kò tíì parí. Láti ìgbà náà, kò tún jà ní Lọ́ńdọ̀nù bí àjàkálẹ̀ mọ́.

Ọmọ náà bi mí pé, "Ta ló wá pa á?" Mo ní àwọn tí ó to bíríkì ni, tí a kò mọ orúkọ púpọ̀ nínú wọn. Mo tún ní drágónì náà kò kú tán. Títí di òní ni wọ́n ń tọ́jú omi ẹ̀gbin ní Crossness lójoojúmọ́. Bí iná kò bá tán lórí aṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán lórí èékánná.

Ẹ kíyè sí i pé drágónì méjèèjì ni kì í kú tán. Ti inú géèmù ń padà wá kí a má bàa dìde lórí àga. Ti Crossness ń fẹ́ padà, ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ tí a bá dá a dúró, ọmọ ẹnìkan wà láàyè. "Kò kan ẹnikẹ́ni" tí ọmọ mi wí ni ìyàtọ̀ wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní wọ́ọ̀dù tí mo ti ń ṣiṣẹ́: ọwọ́ fífọ̀ kò ní òkìkí, ṣùgbọ́n ó ń gba ẹ̀mí là.

Mo ní ìjẹ́wọ́ kan láti ṣe. Ní àwọn òru tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, inú mi dùn pé géèmù mú ọmọ mi jókòó sílé. N kò fún un ní iṣẹ́ kankan, kí ìwé rẹ̀ má bàa jìyà. Ọ̀pọ̀ wa ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ìyà tí ó jẹ àwa náà. A ń fún wọn ní idà eré, a sì ń gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò nílò, níbo ni yóò ti kọ́ ìgboyà?

Nísinsin yìí, ní gbogbo Sátidé, ó ń bá ìyá àgbà kan nínú ìjọ wa gbé ẹrù ọjà rẹ̀ gun òkè. Ó ń kùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá pẹ́ dé, ìyá náà a máa dúró lójú fèrèsé, ọmọ náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí Olúwa fi iṣẹ́ tí ó kan ẹlòmíràn lé àwọn ọmọ wa lọ́wọ́, kí ó sì fún àwa òbí ní ọkàn láti jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Àmín.