Ẹjọ́ Àwọn Tí Kò Lè Rojọ́

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì oṣù kẹfà ọdún 1994, ọkùnrin tó ń tọ́jú ilé iná atọ́nà ọkọ̀ ojú omi ní Mull of Kintyre, létí òkun Scotland, gbọ́ ariwo hẹlikópítà kan tó ń bọ̀ láti ojú òkun. Ó gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò rí i, nítorí kùrukùru ti bo orí òkè náà mọ́lẹ̀. Ariwo ọ̀hún ń sún mọ́ tòsí, àfi gbàù! Bí Chinook ZD576 ti iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe forí sọ òkè nìyẹn. Èèyàn 29 ló wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó yè.

Èrò 25 tí ọkọ̀ náà gbé kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ: àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá, ọmọ ogun àti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ MI5 tó mọ ọ̀rọ̀ ààbò Àríwá Ireland tinútẹ̀yìn ni wọ́n. Wọ́n gbéra ní Aldergrove níbẹ̀, wọ́n ń lọ sí ìpàdé ní Fort George, nítòsí Inverness. Jonathan Tapper, ẹni ọdún 28, àti Richard Cook, ẹni ọgbọ̀n ọdún, ló wa ọkọ̀ náà. Ọ̀jáfáfá ni àwọn méjèèjì, wọ́n wà lára àwọn tí wọ́n ń yàn fún iṣẹ́ tó bá le.

Ta ló fà á? Ìbéèrè yìí ni wọ́n gbé lé Wing Commander Andrew Pulford lọ́wọ́, tí òun náà jẹ́ awakọ̀ hẹlikópítà. Iṣẹ́ ọ̀hún kò rọrùn. Ọkọ̀ náà kò ní àpótí dúdú tó ń gba ohùn awakọ̀ sílẹ̀, kò sì ní èyí tó ń kọ bí ọkọ̀ ṣe ń fò. Irin tó jóná, tó fọ́n káàkiri orí òkè, ni ìgbìmọ̀ rẹ̀ ń ṣà yẹ̀ wò. Nígbà tí wọ́n máa kọ̀wé, wọ́n ní ohun tó jọ pé ó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn awakọ̀ kò gbé ọkọ̀ gòkè bó ṣe yẹ kí ó lè ré òkè náà kọjá. Ṣùgbọ́n wọn kò dá ẹnikẹ́ni nínú wọn lẹ́bi àìbìkítà. Ibi tí ẹ̀rí tán sí ni wọ́n gbé gègé sílẹ̀ sí.

Ìwé náà gòkè lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà. Air Vice-Marshal John Day kà á. Awakọ̀ hẹlikópítà ni òun náà, ó ti jìnnà nínú iṣẹ́ ọ̀hún kó tó di ọ̀gá. Ọ̀gá tirẹ̀, Air Chief Marshal Sir William Wratten, náà kà á. Àwọn méjèèjì wá kọ ọ́ pé Tapper àti Cook jẹ̀bi àìbìkítà tó burú jáì. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òfin iléeṣẹ́ wọn nígbà náà là á mọ́lẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ dá awakọ̀ tó ti kú lẹ́bi àìbìkítà, àfi tí kò bá sí iyèméjì kankan, bó ti wù kó kéré mọ.

Ṣé iyèméjì wà? Ó wà rẹpẹtẹ. Chinook irú Mark 2 yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Kọ̀ǹpútà tuntun ló ń darí epo tó ń wọ ẹ́ńjìnì rẹ̀. Àwọn tó yẹ ètò kọ̀ǹpútà náà wò kò tíì ka ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ tán tí wọ́n ti rí àléébù 486, ni wọ́n bá dáwọ́ dúró. Kí ọkọ̀ yìí tó já, àwọn awakọ̀ tó ń dán ọkọ̀ òfuurufú wò ní Boscombe Down ti ní àwọn ò wa irú rẹ̀ mọ́, torí ọkàn wọn kò balẹ̀. Mi ò sọ pé kọ̀ǹpútà ló pa wọ́n. Kò sẹ́ni tó lè sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀ náà ní ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn, kò lè ní òun mọ ẹni tó jẹ̀bi.

Àwọn ẹbí awakọ̀ méjèèjì kò gba ìdájọ́ náà. Ní 1996, adájọ́ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ní Scotland ní ẹ̀rí kò tó láti di ẹ̀bi náà ru àwọn awakọ̀. Ní 2002, ìgbìmọ̀ Ilé Aṣòfin Àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹnu kò pé ìdájọ́ àwọn ọ̀gá méjèèjì kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìjọba ṣe etí ikún. Ó di oṣù keje ọdún 2011, lẹ́yìn tí Lord Philip tún gbogbo rẹ̀ yẹ̀ wò, kí mínísítà ètò ààbò, Liam Fox, tó dìde ní ilé aṣòfin, tó fagi lé ìdájọ́ náà, tó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ẹbí. Ọdún 17 lẹ́yìn tí ọkọ̀ já ni orúkọ àwọn ọmọ wọn tó kúrò nínú ẹrẹ̀.

Awakọ̀ hẹlikópítà méjì, Pulford àti Day, ló gbé ẹ̀rí kan náà yẹ̀ wò. Ọ̀kan dúró níbi tí ìmọ̀ rẹ̀ dé, èkejì ré e kọjá. Mi ò pe Day ní ìkà, mi ò sì pè é ní òpùrọ́. Ohun tí kò lè mọ̀ ló sọ bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ó jọ pé ìmọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ló tàn án: ẹni tó ti fò fún ọdún gbọọrọ lè rò pé òun mọ ohun tó wà lọ́kàn gbogbo ẹni tó ń fò. Day ṣì gòkè títí ó fi di Air Chief Marshal. Pulford náà gòkè, ó sì di olórí gbogbo iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfuurufú ọ̀hún ní 2013. Ẹ ò rí i pé ipò kọ́ ni ayé fi ń mọ ẹni tó dájọ́ rere.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Tí gbígbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan bá burú tó bẹ́ẹ̀, kí la máa pe ẹni tó dá ẹjọ́ òkú tí kò lè lanu? Ìwọ tí wọ́n fi gègé lé lọ́wọ́ níbi iṣẹ́, ìwọ tí wọ́n ń bi ní “ta ló fà á?” nígbà tí ọkọ̀ bá já tí awakọ̀ sì bá a lọ, jọ̀wọ́, má kọ ohun tí o kò mọ̀. “A kò mọ̀” kì í ṣe ìtìjú fún ọ̀gá. Òun ni ẹ̀tọ́ ìkẹyìn tí òkú ní lọ́wọ́ rẹ.