Ṣé Ìfẹ́ Ni Ká Gba Iṣẹ́ Lọ́wọ́ Àgbà?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ bi ara wa, nítorí kò sí ilé tí kò kàn.

Bí màmá bá dàgbà, ọmọ tó láàánú á ní, "Màmá, ẹ jókòó, ẹ sinmi." Ó gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ó gba orógùn, ó palẹ̀ àtẹ ata tó wà lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Gbogbo àdúgbò á máa yìn ín. Màmá á wá jókòó láti àárọ̀ di alẹ́, kò ní pẹ́ tí wọn ò ní mọ ọjọ́ tí a wà mọ́. Oore wo la ṣe fún wọn?

Ọkùnrin ayàwòrán ilé kan wà ní Amẹ́ríkà, George Barton. Ikọ́ ife bá a jà, wọ́n gé díẹ̀ lára ẹsẹ̀ rẹ̀, apá òsì ara rẹ̀ sì rọ. Ọgbà tó ń ro àti iṣẹ́ káfíńtà ló fi gba agbára padà. Ní ilé rẹ̀ ní Clifton Springs, ní oṣù March 1917, ni òun àti àwọn mìíràn ti dá ẹgbẹ́ iṣẹ́ ìwòsàn tí wọ́n ń pè ní occupational therapy sílẹ̀. Nílé wa níhìn-ín náà, Dókítà Adéoyè Lambo ò ti àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú mọ́lé ní Aró, l'Abẹ́òkúta. Láti 1954 ló ti ń fi wọ́n wọ̀ sí abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, pẹ̀lú ẹbí wọn, kí wọ́n lè máa gba ìtọ́jú, kí wọ́n sì máa bá ará abúlé gbé ayé wọn.

Ẹ má rò pé eré lásán la ń wí o. Nínú ìwádìí kan ní Los Angeles, tó jáde ní 1997, wọ́n pín àgbàlagbà 361, ẹni 60 ọdún sókè, sí ọ̀nà mẹ́ta. Wọ́n kọ́ àwọn kan bí olúkúlùkù ṣe lè to iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ kó bá a lára mu. Wọ́n kó àwọn kan jọ fún eré, ijó àti sinimá. Wọn ò ṣe nǹkan kan fún àwọn yòókù. Lẹ́yìn oṣù 9, ti àwọn àkọ́kọ́ ló dára jù. Àwọn tó ń jó ò sàn ju àwọn tí a ò ṣe nǹkan kan fún!

(Ọmọdé nìkan ni eré jẹ́ iṣẹ́ fún. Ẹ jẹ́ kó máa po ẹrẹ̀ rẹ̀.)

Ẹnìkan lè ní, "Ṣé ẹ fẹ́ kí ìyá arúgbó máa gúnyán ni?" Rárá o. Ẹni tí ebi lé sí títì kó máa kiri ọjà, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀; ojúṣe ọmọ ni kó gbà á sílẹ̀. Ká dín iṣẹ́ kù la wí, ká má gbà á tán. Bí orúnkún ò bá jẹ́ kí màmá bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé àpótí gíga fún wọn. Bí ojú bá ń ṣe bàìbàì, wọ́n ṣì lè bó ẹ̀gúsí. Ọwọ́ tó ti mọ̀ ọ́n bó kì í wá ojú. Lójú tiwa, ẹnu ayé lọ̀pọ̀ ọmọ ń bẹ̀rù, kí wọ́n má baà sọ pé ó ń fi ìyá rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ẹ bi màmá fúnra wọn, èwo ni kí a fi sílẹ̀ fún wọn? Bí wọ́n bá sì ní ìsinmi làwọn fẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi. Àwọn ló sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àwa.