Mímọ àti Títọ́: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ «formation»

Inú Látìn ni «formation» ti wá, láti ara «forma», èyí tí í ṣe ìrísí. Ọ̀nà Faransé ni ó gbà dé inú Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì ń lò ó fún ìdásílẹ̀ nǹkan, títò ọmọ ogun àti ìdàgbàsókè ìwà. Ṣùgbọ́n ní àdúgbò ilé-iṣẹ́ ńlá Yopougon, ní Abidjan, níbi tí Faransé ti jẹ́ èdè iṣẹ́, kíkọ́ ènìyàn ní iṣẹ́ ni ó sábà ń jẹ́. Ǹjẹ́ ẹni tí a kọ́ ní iṣẹ́ ti di ẹni tí a tọ́? Ìkòkò ni ènìyàn ń mọ, ọmọ ni ó ń tọ́. Al-Muṣawwir, Ẹni tí ń fún ẹ̀dá ní ìrísí, orúkọ Allāhu ni (Súrà 59:24). «Tarbiyah», tí gbòǹgbò rẹ̀ jẹ mọ́ dídàgbà, ni ojúṣe tiwa. Ọ̀gá tí ó kọ́ ọwọ́ ọmọ-iṣẹ́, tí kò náání ìwà rẹ̀, ti sọ ọmọ ọlọ́mọ di amọ̀.