Ẹni Tó Mọ̀ Tó sì Dákẹ́

Ní ọdún 2016, kòkòrò Tuta absoluta ba oko tòmátì jẹ́ ní ìpínlẹ̀ Kàdúná, owó apẹ̀rẹ̀ kan sì fò sókè ní Mile 12. Ẹni tó ní ènìyàn ní Òkè Ọya lè tètè gbọ́. Ìyá aláta tó ń rà á wá tà ní Ṣómólú àti Bàrígà, ìdí apẹ̀rẹ̀ ni yóò ti mọ̀.

Ǹjẹ́ ẹni tó gbọ́ tó sì dákẹ́ jẹ̀bi? A kò ní kí ẹni tó wádìí ọjà má jèrè. Owó mọ́tò àti àìsùn rẹ̀ tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ̀ fún wa láti lọ pàdé ẹlẹ́rù lọ́nà kí á ra ẹrù rẹ̀ kí ó tó mọ iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà. Bí ó bá dé ọjà tó rí i pé wọ́n rẹ́ òun jẹ, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ẹrù rẹ̀ padà. Àìmọ̀ ẹlòmíràn kì í ṣe ọjà títà.

(Àwa náà mọ bí ẹnu ṣe ń wúwo nígbà tí èrè bá ń bọ̀.)

Tòmátì kì í pẹ́ jẹrà. Ẹni tó mọ̀ pé ọkọ̀ ẹrù ti dé Ìbafo, tó ṣì tà á ní iye àná fún obìnrin tó fi owó àjọ rà á, kí ni yóò wí fún un lọ́la?