Bí A Bá Pààrọ̀ Pákó Tán, Ṣé Ọkọ̀ Àtijọ́ Náà Ni?

Ìbéèrè kan wà tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ilẹ̀ Gíríìkì ti ń jiyàn lé lórí láti ayé àtijọ́: bí a bá ń yọ pákó tó ti jẹrà lára ọkọ̀ ojú omi lọ́kọ̀ọ̀kan, tí a ń fi tuntun rọ́pò rẹ̀, títí kò fi ku ẹyọ kan nínú ti àkọ́kọ́, ṣé ọkọ̀ náà ṣì ni? Àwọn kan á ní àròyé lásán ni. Ẹ jẹ́ kí a wo ọkọ̀ kan kí a tó dáhùn.

Ní 1894 ni wọ́n kan ọkọ̀ onígi kan tó ń fi ìgbòkun rìn ní Essex, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà. Effie M. Morrissey ni wọ́n pè é, orúkọ ọmọbìnrin ọ̀gá atukọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹja ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi í pa. Láti 1926 dé 1945, ọ̀gá atukọ̀ Bob Bartlett ń wà á lọ sí òkun oníyìnyín ní ìhà àríwá ayé. Bartlett kú ní 1946. Ní 1947 iná jó ọkọ̀ náà, ó sì rì. Wọ́n fà á jáde. Henrique Mendes, ọmọ erékùṣù Cape Verde, rà á, ó sì sọ ọ́ ní Ernestina, orúkọ ọmọ tirẹ̀.

Ọ̀dá àti ìyàn ti lé ọ̀pọ̀ ọmọ Cape Verde kúrò nílé. Ernestina ló ń gbé èrò lọ sí Amẹ́ríkà, òun náà ló ń kó ẹrù tí àwọn tó ti tẹ̀dó síbẹ̀ fi ránṣẹ́ sí ará ilé padà. Ní 1965 ló gbé èrò bẹ́ẹ̀ dé Amẹ́ríkà kẹ́yìn. Lẹ́yìn tí Cape Verde gba òmìnira ní 1975, ìjọba wọn tún ọkọ̀ náà ṣe, wọ́n sì fi ta Amẹ́ríkà lọ́rẹ ní 1982. Nígbà tó yá, igi rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Láti 2015 dé 2022 ni wọ́n fi tún un kàn ní ìpínlẹ̀ Maine. Orúkọ méjèèjì ló ń jẹ́ báyìí: Ernestina-Morrissey.

Kí ló wá kù nínú ọkọ̀ 1894? Ẹnì kan lè ní irọ́ ni wọ́n ń pa. Ṣùgbọ́n ẹ wo agboolé wa nílé. Ògiri alámọ̀ ti di ti bíríkì, koríko orí rẹ̀ ti di páànù, síbẹ̀ orúkọ baba tó kọ́kọ́ kọ́ ọ la ṣì ń pè é. Ta ló ní irọ́ ni? Kò sí ọjọ́ tí àwọn ọmọ inú ilé tú ká. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ yìí: ara ti àtijọ́ ni wọ́n ń kan pákó tuntun mọ́.

Èyí yàtọ̀ sí Amistad tí wọ́n kàn ní Mystic, tí wọ́n sọ sómi ní 2000. Ó ń jẹ́ orúkọ ọkọ̀ tí àwọn ọmọ Áfíríkà ti jà fún òmìnira ara wọn ní 1839, ṣùgbọ́n àwòṣe ni. Ó dára bẹ́ẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí a bá pè é ní àwòṣe. Ibi tí irọ́ ti ń wọlé ni kí a pe àwòṣe ní ojúlówó.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà níbẹ̀ tó ju ti igi lọ. Orílẹ̀-èdè tí kò lówó ló fi ọkọ̀ yìí ta ọlọ́rọ̀ lọ́rẹ, nítorí àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà lọ́hùn-ún. Ẹni tó gba irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀, tó jẹ́ kó jẹrà, ti tàbùkù ẹni tó fún un. Pípààrọ̀ pákó kò ba ẹ̀bùn náà jẹ́. Òun gan-an ni ìmúṣẹ ìlérí.

Àwa tí a wà lẹ́yìn odi náà, àwọn ọmọ wa ń sọ èdè mìíràn, ìwọṣọ wọn ti yí. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn nìkan bà wá lẹ́rù, nítorí pákó tuntun ni wọ́n. Ohun tó yẹ kí a bẹ̀rù ni ọjọ́ tí kò ní sí ohun àtijọ́ kankan tí a óò kàn wọ́n mọ́. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló ń gbẹ.